Púùlù Ẹ̀yìnkùlé àti Ohùn Dádì Kékeré

Ajé, ọjọ́ kẹta

Wọ́n ti dájọ́ mi. Ká ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi mí sí, ì bá sàn. Púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi mí sí.

Ohun tí mo ṣe nílé ìwé ò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Mo kàn mú gbohùngbohùn, mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé sọ pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé, òrùlé fẹ́ wó. Ṣé èmi ni mo ní kí àwọn tíṣà náà sáré ni? Tíṣà ìṣirò ló kọ́kọ́ fo fèrèsé. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi pè mí. Èmi náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Lánàá ni Dádì Kékeré pe ìpàdé sí pálọ̀. Ìpàdé ẹ̀ kì í ju èèyàn mẹ́ta lọ: òun, Màmá Àgbà tó bí i, àti èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó wú ikọ́ bó ṣe máa ń wú u kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀-hẹ́m, bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ó ní òun ti bá oníyanrìn sọ̀rọ̀. Wọ́n á dí púùlù ẹ̀yìnkùlé pa, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì bò ó, òun á sì máa gbé ọkọ̀ òun síbẹ̀.

"Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ẹ̀fọn là ń sìn níbẹ̀. Ṣé ó yé wa?"

Màmá ní kò yé òun. Ó ní nọ́ọ̀sì tó ń wá na ẹsẹ̀ òun sọ pé inú omi lòun ti lè tún ìrìn kọ́, pé omi á bá orúnkún gbé ẹrù ara. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú ní balùwẹ̀, láti bẹ́ẹ̀dì dé àga ni gbogbo ìrìnàjò ẹ̀, tó bá sì fi máa dé àga ọ̀hún, òógùn á ti bò ó.

"O fẹ́ fi yanrìn dí ẹsẹ̀ mi pa," Màmá ní, "kí mọ́tò rẹ lè ríbi sùn?"

Dádì Kékeré wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí rèé: ó ń rìnrìn àjò iṣẹ́, ó di ìparí oṣù kó tó dé. Tó bá dé, tó dúró létí púùlù níbi tó jìn jù, tó sì rí irin asẹ́ tí omi ń gbà jáde ní ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kò ní dí i. Tí ò bá rí i, yanrìn.

"Ta ló máa fọ̀ ọ́?" Màmá bi í.

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

"Ayékòótọ́ kúkú ń bẹ nílé," Dádì Kékeré ní. "Kó lọ máa sín àwọn ọ̀pọ̀lọ́ jẹ níbẹ̀."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ wò ó dáadáa lónìí. Mo kábàámọ̀ pé mo lójú.

Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe omi. Ó ki, ó dúdú bí ewé tí wọ́n gún. Ewé omi ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kò ní ojú ewé, kò ní igi, ó kàn lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń yọ̀ bí ikun imú. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mi ò rí ìka mi mọ́. Légbénlègbé ń lúwẹ̀ẹ́ lókè, tanwíjí ń jó lábẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sórí bọ́ọ̀lù tó ti rà, ó ń wò mí bíi láńlọ́ọ̀dù tó rí ayálégbé tuntun. Mo sín in jẹ. Ó dá mi lóhùn. Òun nìkan ló gba tèmi nínú ilé yìí.

Mo fi àwọ̀n kó ìdọ̀tí títí apá mi fi fẹ́ já. Àga oníke. Bàtà ẹsẹ̀ kan. Ewé tó ti di ẹrẹ̀, tó ń rùn bí ẹyin tó kú. Nígbà tí mo ṣe tán, omi ṣì wà bó ṣe wà. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò. Gbogbo ewé tí mo kó sí etí púùlù ló tún gbá padà sínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ra kiloríìnì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta kẹ́míkà ní oríta. Ó ti gbówó lórí. Mo ní kí ló dé, ó ní kí n má bi òun, kí n lọ bi àwọn tó ń kó o wá. Mo dà á sí púùlù lọ́sàn-án gangan, torí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i bó ṣe máa pa ewé omi. Mo jókòó tì í bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, góòlù kankan ò wọlé.

Mo padà lọ bá ìyá náà.

"Ìgbà wo lo dà á?"

"Ọ̀sán ni, mà."

Ó pàtẹ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì ìbàdí. "Oòrùn ti mu ún! Oòrùn lo ra kẹ́míkà fún! Ìrọ̀lẹ́ là ń dà á, ọmọ yìí, kó lè rí òru fi ṣiṣẹ́. O tiẹ̀ fọ ògiri ẹ̀ kó o tó dà á?"

Mi ò fọ nǹkan kan.

"Nǹkan fi gbogbo ara di ògiri mú, ìwọ ń da oògùn sí i lórí. Lọ fi búrọ́ọ̀ṣì bó o!"

Mo délé, mo ṣe é fún Màmá bó ṣe ṣe é, pẹ̀lú àtẹ́wọ́, pẹ̀lú ìbàdí. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Ẹ̀rín náà ti mú kí orúnkún ro ó.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Pọ́ǹpù tó ń fa omi púùlù gba inú asẹ́ ò yí. Mo tan án, ó kùn hùùùn, ó dákẹ́. Mo tún tan án, ó rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tú u, alángbá tó ti gbẹ já bọ́ látinú ẹ̀. Ó gbé e lọ. Ó ní ọ̀la.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó ní ọ̀la.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó tún ní ọ̀la. Èmi ń fọ ògiri lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n omi tí kò rìn, ibi tí mo bá fọ̀ lónìí ló tún ń hù padà lọ́la. Ọwọ́ mi ti bó. Ojú mi ń ta. Irun mi ń rùn bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ara mi ò gbà á mọ́.

Mo mú fóònù Màmá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ọ̀gbẹ́ni ọ̀hún. Mo wú ikọ́.

"Ẹ̀-hẹ́m. Pọ́ǹpù mi dà? Mo ti wà lọ́nà, èmi àti àwọn tó máa bá ọ kó ṣọ́ọ̀bù rẹ síta. Ṣé ó yé wa?"

"Ó yé wa, sà! Ó yé wa gan-an!"

Kò pẹ́ tó gbé e dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn mi. "Ọ̀gá ńkọ́?" Mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kó tó délé, pọ́ǹpù ti ń kọrin.

Ǹ bá yọ̀ tán, àmọ́ Màmá ti gbọ́ ohùn náà láti yàrá. Mo bá a tó ti dìde jókòó, tó ti wé gèlè, tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti dé? Ó tètè dé."

Mo ní èmi ni.

Ó tú gèlè náà. Ó ká a síbi tó wà tẹ́lẹ̀. "Má fi ohùn ọmọ mi tàn mí mọ́. Ohùn èèyàn kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń yá wọ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́ ni mo gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò gbọ́ tó.

Ibi tí mo ti ń fọ asẹ́ pọ́ǹpù (gbogbo ìgbà ló ń dí, á fi ewé omi dí ara ẹ̀ bí ẹni tó jẹun jù) ni oníyanrìn ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, pẹ̀lú fìlà lórí àti okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Kò kí mi. Ó ń wọn púùlù, ó ń súfèé.

"Ẹ káàsán o. Kí lẹ ń wọ̀n?"

"Yanrìn tó máa gbà. Ọkọ̀ mi máa ráyè lọ́jọ́ Ẹtì yìí. Kò sí wàhálà."

"Ìparí oṣù ni wọ́n ní!"

"Ọ̀gá ní bó bá ti rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹtì ló rọ̀ mí lọ́rùn."

Púùlù tí mo ti fi awọ ọwọ́ mi bọ! Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe jáde, mo wọ ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn kí Màmá má baà gbọ́, mo fi fóònù ẹ̀ pe oníyanrìn.

"Ẹ̀-hẹ́m. Oníyanrìn. Má tíì kó o wá o. Dúró títí n ó fi pè ọ́. Ṣé ó yé wa?"

"Ọ̀gá mi àtàtà! Kò sí wàhálà."

Mo jó yí gáàsì ká.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ijó ti tán.

Oníyanrìn pe Dádì Kékeré lónìí láti fi béèrè pé ọjọ́ wo gan-an ni kí òun wá, "bẹ́ ẹ ṣe sọ lánàá, ọ̀gá." Dádì Kékeré ní òun ò sọ nǹkan kan lánàá, ìpàdé lòun wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ló bá pe ilé. Màmá ní kí n gbé fóònù sórí tábìlì, kí gbogbo wa jọ gbọ́.

"Ayékòótọ́. O ti kúrò lórí ọ̀gá ilé ìwé, o ti dé orí èmi. Kò burú. Oníyanrìn ò ní wá kí n tó dé, àdéhùn ni àdéhùn. Àmọ́ Àbámẹ́ta tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí mo bá dé, yanrìn ń bọ̀ láàárọ̀ kùtù, àyàfi tí mo bá rí irin yẹn, tí mo sì fi ẹnu ara mi dá a dúró. Mo sì ti kìlọ̀ fún un: bó bá gbọ́ ohùn mi lórí fóònù pé kó má wá, èmi kọ́, ìwọ ni. Kó gé fóònù! Ṣé ó yé wa?"

"Ó yé wa, sà."

"Fi ohùn tìrẹ sọ ọ́!"

Ohùn tèmi náà ni. Ó jọ pé mo ti wú ikọ́ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ ni.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo bó gbogbo ògiri, mo da kiloríìnì bí ìyá oníkẹ́míkà ṣe kọ́ mi, pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ mọ́jú. Láàárọ̀ yìí, àwọ̀ ewé ti lọ! Ó kú pátápátá. Mo pariwo débi pé ajá àwọn tó wà ní ẹ̀yìn ògiri dá mi lóhùn.

Ìgbà tí mo wá wolẹ̀ dáadáa ni mo rí i pé omi ti di funfun báláú bí omi ìfọṣọ. Òkú ewé omi ló léfòó káàkiri inú ẹ̀. Níbi tí omi ti mù mí dé orúnkún, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Irin asẹ́ ọ̀hún, àfi ká máa gbàdúrà.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè nǹkan kan.

Ìyá oníkẹ́míkà ní kí n po álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò sínú garawa, kí n wọ́n ọn yí púùlù ká, kí n pa pọ́ǹpù, kí n sì fi omi náà lọ́rùn sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní gbogbo òkú yẹn á lẹ̀ pọ̀, á sùn sísàlẹ̀, n ó wá fi rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fa omi fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ láìdín kan.

Láàárọ̀ yìí mo jáde. Omi ń dán. Mo rí ìsàlẹ̀! Erùpẹ̀ funfun tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ, mo rí orí irin náà níbi tó ti yọ díẹ̀ láàárín ẹ̀. Ayọ̀ gbé mi. Mo sáré, mo fò sínú ẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi ò tíì kan ilẹ̀ tí mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Gbogbo ẹ̀ dìde. Ó dìde yí mi ká bí èéfín, nígbà tí mo sì fi yọrí, inú omi ìfọṣọ ni mo tún wà.

Màmá gbọ́ bí omi ṣe dún gbàmù, kò sì gbọ́ ariwo ayọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó pè mí láti ojú fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo fò sínú ẹ̀."

"Ìwọ tó o máa ń sá fún ìwẹ̀," ó ní, ó sì ti fèrèsé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì wá. Ó gbé ẹsẹ̀ Màmá sókè, ó gbé e wálẹ̀, ó fi tépù wọn itan ẹ̀, kò fẹ́ràn ohun tó rí. Mo bá a dé ẹnu ọ̀nà.

"Omi yẹn ńkọ́?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

"Ẹ ti ń sọ ó ku díẹ̀ tipẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá jókòó pẹ́ á gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀. Ti ìyá yín ti ń gbàgbé."

Mo ra álọ́ọ̀mù mìíràn. Ìyá oníkẹ́míkà kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, dúró sí etí ẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo dúró sí etí ẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi rọ́bà fa erùpẹ̀ yẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kó ẹyin lábẹ́ ẹyẹ tó ń sùn. Bí mo bá yára, á dìde. Bí mo bá sín, á dìde. Èmi tí mi ò lè jókòó jẹ́jẹ́ nínú kíláàsì, mo tẹ̀ síbẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi le bí pákó. Ní ọ̀sán, irin náà yọ tán: onígun mẹ́rin, dúdú, mo lè ka ihò ara ẹ̀.

Mo gbé Màmá sórí àga tó ní táyà, mo tì í dé etí púùlù. Ó wò ó títí.

"Bàbá rẹ àgbà máa ń ju kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, á ní kí àwọn ọmọ lọ mú u wá." Ó tún wò ó. "Ó mọ́."

Mi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ lónìí. Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Dádì Kékeré dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò bọ́ bàtà, kò mu omi, ẹ̀yìnkùlé ló gbà tààrà. Ó dúró níbi tó jìn jù. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ omi. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀-hẹ́m."

Màmá ní, "Ṣé o rí i àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, Màmá."

Ó wo ọwọ́ mi tó bó. Ó mú fóònù Màmá, torí iná ti tán nínú tiẹ̀, ó pe oníyanrìn níwájú wa. Ohùn oníyanrìn máa ń jáde lẹ́tí fóònù bíi ti rédíò, a jọ gbọ́ ọ ni.

"Ẹ̀-hẹ́m. Oníyanrìn, èmi ni. Má kó o wá lọ́la mọ́. A ò dí púùlù mọ́. Ṣé ó yé wa?"

Oníyanrìn bú sẹ́rìn-ín. "Ayékòótọ́! O tún dé! Tòní tiẹ̀ dùn ju ti ọjọ́sí lọ, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń wú ikọ́ yẹn!" Ó gé e.

Dádì Kékeré tún pè é. "Ìwọ ọkùnrin yìí, èmi gan-an ni mò ń—"

"Ọ̀gá ti sọ fún mi pé o máa bínú báyìí." Ó gé e.

Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbé e mọ́. Màmá fi ìborùn bo ẹnu. Ẹ̀rín pa èmi náà, àfi ìgbà tí mo rí ojú Dádì Kékeré, ẹ̀rín náà kú sọ́fun. Ó ní òun á dìde ní kùtù lọ bá a níbi tó ti ń kó yanrìn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù kankan nínú ilé yìí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù tuntun

Ojú ọ̀nà méjì ló wọ àdúgbò wa. Dádì Kékeré gba ọ̀kan jáde, ọkọ̀ yanrìn gba èkejì wọlé.

Ariwo ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, píìn, píìn, píìn, ó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo sáré jáde, mo na ọwọ́ méjèèjì níwájú púùlù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Wọ́n ti ní kẹ́ ẹ má dà á mọ́!"

Oníyanrìn yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Dádì Kékeré!"

"Lẹ́nu ta?"

Ohùn tèmi gan-an ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń wò mí bíi pé ó ń wá ẹni tí mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó wá wo omi, kó wá wo bó ṣe mọ́. Ó ní iṣẹ́ òun kì í ṣe láti wo omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Háà, ẹkún náà dáa! Ti ta nìyẹn?" Ó sì ń bọ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí Màmá kúrò ní bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti dé orí àtẹ̀gùn púùlù, òun àti irin tó fi ń rìn. Ẹnikẹ́ni ò dì í mú. Ó fi irin náà sílẹ̀, ó di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi.

"Màmá, ẹ dúró dè mí!"

Kò dúró. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, aṣọ náà wú sókè yí i ká. Nígbà tí omi dé ìbàdí ẹ̀, ó rìn díẹ̀ sí i, ó yíjú sí ọkọ̀.

"Oníyanrìn, ṣé wàá dà á?"

Ọkọ̀ ti dúró. Ọkùnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ṣí fìlà. "Màmá, ẹ máa jáde, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín ló rán mi."

"Ọmọ mi ti ní kó o má dà á. Ó pè ọ́ lójú mi."

"Màmá, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ọmọ ọmọ yín ni. Ó ń tan gbogbo wa ni."

"Dà á sí mi lórí nígbà náà. Tó o bá ṣe tán, kó o lọ sọ fún un pé ohùn ẹ̀ ló ní kó o bò mí mọ́lẹ̀."

Oníyanrìn wò ó. Ó wò mí. Ó wo yanrìn ẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé e padà, àwọn mìíràn ń dúró de ọkọ̀. Ló bá gbé ọkọ̀ jáde, ó sì dà á sẹ́nu géètì. Gbogbo ẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣàn bọ́.

Mo ti wà nínú omi nígbà yẹn, mo di ọwọ́ Màmá mú. Ó ń gbọ̀n. Mo ní òtútù ni, kó jẹ́ ká jáde. Ó ní òtútù kọ́, ẹsẹ̀ òun ló ń rántí nǹkan. Ó gbé ọ̀kan. Ó gbé èkejì. A dé àárín.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ Dádì Kékeré fi fọn fèrè níta. Ó fọn ọ́n títí. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, a gbọ́ ẹni tó ń gun yanrìn, tó ń yọ̀ padà, tó tún ń gùn ún.

"Ta ló dà á síbí? Ta ló ní kó dà á síbí? Màmá! Ẹ̀-hẹ́m! Màmá!"

Màmá dúró. Ó tẹ́tí.

"Ṣé òun nìyẹn àbí ìwọ ni?"

"Màmá, èmi rèé lọ́wọ́ yín."

"Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rìn dé ọ̀hún, kí n tó dá a lóhùn."